Ta Ló Ń Fi Orin Sí Olórin Lẹ́nu?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá ẹgbẹ́, Ilé-Ogbó

  Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá.

Ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní ọgọ́ta ọdún rántí ajísààrì dáadáa. Nínú oṣù Ràmàdáànì, àwọn ọ̀dọ́ á máa lu wéré kiri àdúgbò láti jí àwọn tó fẹ́ jẹ sààrì. Ara wéré yìí ni Síkírù Àyìndé Bárísítà ti gbé fújì jáde. Ohun tí àwọn ọmọ òde òní kì í sábà rántí ni pé ìdíje wà nínú wéré. Ẹgbẹ́ ajísààrì kan á pàdé èkejì, wọ́n á figa gbága, èrò á sì pín sẹ́yìn wọn. Fújì kò tíì lórúkọ tó ti ní ọmọ ẹ̀yìn.

Nítorí náà, kì í ṣe Facebook ló bí ìjà. Nígbà tí Bárísítà àti Kọ́líńtìn Àyìnlá ń fi orin bá ara wọn jà láyé rẹ́kọ́ọ̀dù, àwọn ọmọ ẹ̀yìn ló ń túmọ̀ òwe fún ọ̀gá wọn: "Ẹ̀yin ló ń bá wí o!" Ọ̀gá á wọ sítúdíò lọ fèsì. Ṣùgbọ́n kí rẹ́kọ́ọ̀dù tó jáde, oṣù á ti gorí oṣù. Ara á ti tutù díẹ̀, àwọn àgbà á ti ráyè dá sí i. Àwọn méjèèjì padà rẹ́ kí Bárísítà tó kú ní London ní December 2010.

Oṣù tó wà láàárín yẹn ni kò sí mọ́. Olórin fújì lè bẹ̀rẹ̀ eré lálẹ́ kí ó má kúrò lójú agbo títí di ìdájí. Á ki olówó, á pa òwe, á dápàárá. Ẹnì kan tó gbé fóònù sókè á gé ìṣẹ́jú kan péré nínú gbogbo rẹ̀, á kọ ọ́ sí i lórí pé, "Ọ̀gá ti fún un lésì." Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti dé Ìwó, ó ti dé Èkó, ó ti dé Peckham. Olórin kejì jí, ó ṣí fóònù rẹ̀, ó bá a tí wọ́n ti ń bi í pé kí ni yóò sọ. Òwe tí wọ́n pa fún ẹni tó bá bá mu ti di ẹjọ́ tó ní olùjẹ́jọ́. Bí ó bá dákẹ́, wọ́n á ní ẹ̀rù ń bà á. Bí ó bá yin ẹnìkejì, ọ̀dàlẹ̀ ni. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ jù ló sì ń sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọ̀tá.

Ẹ má sì rò pé fújì nìkan ni. Ẹ bi àwọn ọmọ yín léèrè ohun tí 30BG àti Wizkid FC ń jẹ́. Davido, tí ìdílé rẹ̀ wá láti Ẹdẹ níbí, ló ni ọ̀kan. Wizkid ló ni èkejì. Èébú tí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ń bú ara wọn lórí X, kò ṣe é kà níwájú Kábíyèsí. Ní ọdún 2024, àwọn ọ̀gá méjèèjì fúnra wọn kó sí i.

Ìjọba náà ti gbìyànjú tirẹ̀ o. Ní 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ eré Hubert Ògúndé nítorí Yorùbá Ronú, òfin náà kò sì kúrò títí àwọn ológun fi dé ní 1966. Ní April 2025, àjọ NBC ní kí rédíò má lu orin Eedris Abdulkareem tó ń bá Ààrẹ wí. Àwọn tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó kọrin bẹ̀rẹ̀ sí í wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ìjọba bá gbẹ́sẹ̀ lé orin, gbogbo ayé á mọ̀. Bí olólùfẹ́ bá pa orin sí olórin nínú, ta ni yóò mọ̀?

Ọ̀rọ̀ kan kù tó nira láti sọ ní ìlú Mùsùlùmí bíi tiwa. Ní July 2023, Davido gbé fọ́nrán Logos Olori, ọmọ abẹ́ rẹ̀, síta, níbi tí àwọn tó ń kírun ti dìde tí wọ́n ń jó. Ariwo sọ, ó sì yọ ọ́ kúrò láàárín ọjọ́ díẹ̀. Èmi náà kò fẹ́ràn fọ́nrán yẹn. Ìrun kì í ṣe eré. Ṣùgbọ́n àwọn kan ṣàlàyé ohun tó dùn wọ́n, àwọn mìíràn ń dáná sun àwòrán rẹ̀ nígboro. Àlàyé lè kọ́ olórin lọ́gbọ́n. Iná kò lè kọ́ ọ ju ìbẹ̀rù lọ.

Kí ló kan ẹgbẹ́ nínú èyí? Akọ̀wé yín sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ olórin ló gba yín lásìkò jù nínú ìmúra ayẹyẹ yìí. Àwọn kan ní Òṣùpá ni àwọn ń gbọ́, àwọn kan ní Pàsúmà. Wọ́n gbé e dé orí WhatsApp ẹgbẹ́, ọmọ ẹgbẹ́ méjì sì jáde kúrò níbẹ̀ lóru ọjọ́ kan náà. Àwọn méjèèjì jókòó síbí. N kò ní wo ọ̀dọ̀ wọn. Òṣùpá àti Pàsúmà ti bá ara wọn ṣeré, wọ́n ti dì mọ́ ara wọn ní gbangba. Ọmọ Ilé-Ogbó méjì ni kò tíì rẹ́!

Kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé, ẹgbẹ́ bíi tiyín ni olólùfẹ́ tó lágbára jù. Ẹgbẹ́ ló ń gbé olórin wá sóde, ẹgbẹ́ ló ń náwó, tí wọ́n fi ń dárúkọ ọmọ ẹgbẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan nínú rẹ́kọ́ọ̀dù. Agbára yẹn kò tíì kúrò lọ́wọ́ yín. Èébú kì í dédé gùn lójú agbo. Ibi tí owó bá ti rọ̀ ni olórin ń dúró sí. Mo ti rí i tí olórin fẹ́ kọrin ọgbọ́n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hun, tí kò sẹ́ni tó dìde. Ó ki ìjà bọ̀ ọ́, àga sì ṣófo.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Nígbà tí olórin bá dé lálẹ́ ọ̀la, kí alága bá a sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀ pé ẹgbẹ́ yìí fẹ́ gbọ́ orin tuntun tí kò tíì ráyè kọ níbòmíràn. Nígbà tó bá ń kọ ọ́, kí ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́wàá dìde sí i. Ẹni tó bá sì gbé fóònù sókè, kó gba orin náà sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kó tó fi ránṣẹ́.