Onígbáméjì: Kí ló dé tí iyọ̀ àti ṣúgà fi lè dá omi padà sí ara aláìsàn?



Lọ́dún 2021, èèyàn tó lé ní 111,000 ni àjọ NCDC fura sí pé wọ́n ní àrùn onígbáméjì ní Nàìjíríà. Èèyàn 3,604 ló bá a lọ.

Gbígbẹ tí omi ara ń gbẹ ló ń pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìdí tí omi náà fi ń tán, àti ìdí tí iyọ̀ àti ṣúgà fi lè dá a padà, wà lára awọ kan tí ojú lásán kò lè rí.

Kí ni awọ sẹ́ẹ̀lì?

Sẹ́ẹ̀lì ni ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di ara gbogbo ohun abẹ̀mí. Awọ kan ló yí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ká. Ó fẹ́lẹ́ débi pé tí wọ́n bá to 10,000 rẹ̀ léra, bóyá ni yóò fi nípọn tó bébà kan.

Ìpele ọ̀rá méjì ni awọ náà. Bí epo kì í ṣe é bá omi pò, bẹ́ẹ̀ ni iyọ̀ àti ṣúgà tó ti yọ́ sínú omi kò lè dá gba àárín ọ̀rá yìí kọjá. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbà. Púrótéènì ló ń ṣe iṣẹ́ ẹnu ọ̀nà náà, oníkálukú wọn ló sì ní ohun tó ń jẹ́ kó kọjá.

Kí ni onígbáméjì ń ṣe sí i?

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Kòkòrò onígbáméjì kì í wọ inú sẹ́ẹ̀lì ìfun. Ìta ló ń dúró sí, oró rẹ̀ ló ń rán wọlé.

Oró náà á ṣí ẹnu ọ̀nà tí èròjà iyọ̀ ń gbà jáde, kò sì ní jẹ́ kó padé mọ́. Bí iyọ̀ bá ṣe ń tú sínú ìfun ni omi á máa tẹ̀lé e. Ẹni tí àrùn náà bá mú gan-an lè pàdánù tó líta 1 láàárín wákàtí kan.

Ẹnu ọ̀nà tí oró náà kò bàjẹ́

Àmọ́ ẹnu ọ̀nà mìíràn wà lára awọ yìí kan náà. Kì í ṣí fún iyọ̀ nìkan, kì í sì í ṣí fún ṣúgà nìkan. Àfi tí àwọn méjèèjì bá jọ dé. Tí wọ́n bá ti wọlé, omi á tẹ̀lé wọn. Robert Crane ló ṣàlàyé bí iyọ̀ àti ṣúgà ṣe ń jọ wọlé ní ìlú Prague lọ́dún 1960.

Lọ́dún 1971, nígbà ogun Bangladesh, onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn tó sá lọ sí India. Omi tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára tán. Dókítà Dilip Mahalanabis wá po iyọ̀, sódà àti ṣúgà glucose pọ̀ mọ́ omi, ó ní kí wọ́n máa mu ún. Iye àwọn tó ń kú wálẹ̀ láti bíi 30 nínú 100 sí ohun tí kò tó 4.

Báwo ni ẹ ṣe lè pò ó?

ORS tó wà nínú ọ̀rá ló dára jù. Iye omi tí wọ́n kọ sí i lára ni kí ẹ fi pò ó. Tí kò bá sí:

- Omi tó mọ́, líta 1. Omi inú ọ̀rá 50cl méjì ni.
- Ṣúgà, ṣíbí ìmutíì 6.
- Iyọ̀, ààbọ̀ ṣíbí ìmutíì.

Kí ṣíbí náà má kún kọjá etí. Iyọ̀ tó bá pọ̀ jù léwu, pàápàá fún ọmọdé. Ṣúgà tó bá pọ̀ jù náà á tún máa fa omi jáde sínú ìfun ni. Ìdí nìyí tí ọtí ẹlẹ́rìndòdò kò fi lè rọ́pò rẹ̀.

Tí aláìsàn bá bì í, ẹ dúró bíi ìṣẹ́jú 10, kí ẹ wá máa fún un díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ṣe dá ọmú dúró fún ọmọ ọwọ́. Èyí tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ dà á nù.

Omi yìí kì í pa kòkòrò, kì í sì í dá ìgbẹ́ gbuuru dúró lójú ẹsẹ̀. Omi tí ara ń pàdánù ló ń dá padà. Nítorí náà, ẹ tètè gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì máa fún un mu títí tí ẹ ó fi dé ibẹ̀.