Ẹni Tí Ó Bá Dákẹ́

Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ẹgbẹ́ kan fi ṣí alẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ ní Ọ̀fàtẹ̀dó

 

Àwọn baba wa ní, ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Inú mi dùn pé obì ni a wá fi ọ̀rọ̀ yọ ní Ọ̀fàtẹ̀dó lálẹ́ òní.

Àwọn kan ń béèrè pé, kí ni àgbẹ̀ ń wá nínú ẹgbẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ? Ṣé ẹnu ni a fi ń ro oko ni? Ọ̀ràn ara mi ni n ó fi dá wọn lóhùn. Ní ọdún kan, àgbàrá gbé afárá ọ̀nà oko wa lọ. Àwọn àgbẹ̀ rán mi lọ sí ọ́fíìsì kan láti bá wọn sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀, mo kí ọ̀gá, mo kí akọ̀wé, mo pa òwe mẹ́ta, mo ráhùn nípa ajílẹ̀ àti ìwọ̀n kòkó. Kí n tó dé orí ọ̀rọ̀ afárá, àkókò ti tán, wọ́n ti pe ẹlòmíràn. Afárá kò wọ inú ìwé. Ẹ̀gẹ́ wa jẹrà sí òdìkejì odò ní òjò ọdún náà. N kò lè di ẹ̀bi náà ru ẹnikẹ́ni. Ẹnu mi ni kò mọ ọ̀nà.

Ìdí nìyí tí a fi ń kọ́ ọ. Ọ̀nà tí Ralph Smedley là sílẹ̀ ní ìlú Santa Ana ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1924, nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ Toastmasters, ni a ó tọ̀ lálẹ́ yìí. Ẹni tí ó ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú 5 sí 7. Bí ó bá pé 5, a ó gbé páálí aláwọ̀ ewé sókè. Ní 7, páálí pupa. Lẹ́yìn náà, a ó bi àwọn mìíràn ní ìbéèrè òjijì, wọn ó sì fi ìṣẹ́jú 1 sí 2 dáhùn. Níkẹyìn, a ó sọ fún olúkúlùkù ohun tí ó ṣe dáradára àti ibi tí ó kù díẹ̀ káàtó. Kò sí èébú, kò sì sí ìpọ́nni. Èdè Yorùbá ni a ó fi ṣe é, nítorí òun ni a fi ń rà, òun ni a fi ń tà.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ kúkúrú kò lágbára. Ní 31 March 1953, Anthony Enahoro ti Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ẹni tí kò tí ì pé ọgbọ̀n ọdún, dìde ní Ilé Aṣòfin ní Èkó. Ohun kan ni ó béèrè, ó sì dá ọdún rẹ̀: kí Nàìjíríà ṣe ìjọba ara rẹ̀ ní 1956. Sàdáúnà Sókótó ní kí wọ́n fi “ní kété tí ó bá ṣeé ṣe” rọ́pò ọdún náà. Àbá Enahoro kò wọlé. Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ àti NCNC bínú jáde. Ṣùgbọ́n ẹyin ni ohùn, ó ti balẹ̀. Ní ọdún náà gan-an ni a ṣe àpérò ìlànà ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí ó sì di 8 August 1957, Ìwọ̀ Oòrùn àti Ìlà Oòrùn gba ìjọba ara wọn. Ẹ kíyè sí i: “ní kété tí ó bá ṣeé ṣe” kò ní ọjọ́, 1956 ní ọjọ́. Ẹni tí yóò béèrè afárá, kí ó dárúkọ odò, kí ó ka iye ènìyàn tí ń gbà á kọjá, kí ó sì béèrè ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí etí bá di, kí ni ẹnu yóò ṣe? Ní 1968 àti 1969, àwọn àgbẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn ké pé owó orí wúwo, ọ̀nà oko sì bàjẹ́. Àwọn tí ó yẹ kí ó gbọ́ kò gbọ́, títí Àgbẹ́kọ̀yà fi gbé ìbọn, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì ṣòfò. Lẹ́yìn ìtàjẹ̀sílẹ̀ ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ dín owó orí kù. Nítorí náà, ẹ̀yin aṣáájú wa nínú òṣèlú, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe tìtorí àtẹ́wọ́ nìkan wá sí irú ibí yìí. Ẹ jókòó láàárín àwọn tí ń gbọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí àgbẹ̀ gbé páálí pupa sókè fún yín bí àkókò yín bá pé.

Ẹni tí ó bá dákẹ́, ti ara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ní ti afárá wa, mo padà lọ ní ọdún kejì. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni mo lò. Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, ó kà á sí mi létí, ó sì dá ọjọ́ tí wọn yóò wá wo odò. Ọjọ́ náà kò tí ì pé. Bí ó bá pé tí n kò rí wọn, n ó tún dìde sọ̀rọ̀.

Mo ti rí páálí pupa.