Kọ́kọ́rọ́ Baálé Kọ̀ǹpútà
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka, Igbó-Ọrà

A kò ní pẹ́, nítorí a mọ̀ pé àwọn awakọ̀ wa fẹ́ padà sí gáréèjì.

Ẹ rántí arákùnrin wa tó ń kọ àkọsílẹ̀ ẹrù ní ilé-iṣẹ́ kan. Ó fẹ́ ṣírò owó ófátáìmù àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kò ní ètò tó lè ṣí ìwé ìṣirò náà. Nígbà tó fẹ́ gbé ọ̀kan sí i, ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn, ó ní kí ó mú pásíwọọ̀dù aláṣẹ ẹ̀rọ wá. Arákùnrin wa ti rí pásíwọọ̀dù ọ̀hún lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ tábìlì ọ̀gá. Ó tẹ̀ ẹ́, ó wọlé. Ní ọjọ́ kẹta, kúèrì dé. Ẹ̀bẹ̀ ni a fi gba iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ìwé ìkìlọ̀ sì wà nínú fáìlì rẹ̀ títí di òní. Ohun tó dùn wá jù ni pé kò nílò kọ́kọ́rọ́ yẹn rárá.

Ẹ wo kọ̀ǹpútà Windows bí agbo ilé. Ẹni kọ̀ọ̀kan tó ń fi orúkọ ara rẹ̀ wọlé ní yàrá tirẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó jẹ́ ti gbogbo ilé sì wà, tí wọ́n kọ Program Files sí lára. Ohun tí a bá gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan gbogbo ará ilé, nítorí náà baálé ló ń fàṣẹ sí i. Láti ìgbà Windows Vista, tó dé ọjà ní 2007, ni ojú ẹ̀rọ ti ń ṣókùnkùn béèrè àṣẹ báyìí. Ṣùgbọ́n àga tí a gbé sínú yàrá tiwa, ẹ̀rọ kì í sábà pe baálé sí i.

Ọ̀pọ̀ ètò ló máa ń béèrè bóyá ti gbogbo ènìyàn ni tàbí tiyín nìkan. Ẹ mú tiyín nìkan. Firefox tilẹ̀ ní sùúrù: bí ẹ bá dáhùn No nígbà tó béèrè àṣẹ, yóò wọ yàrá yín jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. LibreOffice, tí a kì í san kọ́bọ̀ lé lórí, ní irú kan tí wọ́n ń pè ní Portable. Orí fúláàṣì ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ń ṣí ìwé ìṣirò Excel. Èyí gan-an ni ìbá yọ arákùnrin wa. Ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yàtọ̀: láti oṣù kẹjọ 2021, Microsoft ti fi í sọ́wọ́ aláṣẹ láti gbé dírafà rẹ̀ wọlé, kì í ṣe ẹ̀yin dírafà wa o!

Ẹ kọ́kọ́ wí fún ọ̀gá yín ná. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ti yàrá pàápàá pa, wọ́n sì ka fúláàṣì léèwọ̀. Níbẹ̀, ẹ má wá fèrèsé.

Wọn kò kàn ń ti ilẹ̀kùn lásán. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà, 2017, àrùn kọ̀ǹpútà NotPetya gba inú ètò ìṣirò owó kan ní Ukraine jáde. Maersk, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun tí àwọn onítírélà wa mọ kọ̀nténà rẹ̀ ní Apápá, ní ètò náà lórí kọ̀ǹpútà kan ní Odessa. Àrùn yìí ń jí pásíwọọ̀dù aláṣẹ tó bá bá nínú ẹ̀rọ, ó sì ń fi í ṣí ẹ̀rọ mìíràn. Kọ̀ǹpútà 45,000 ni wọ́n tún ṣe láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Àkọsílẹ̀ tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti wọlé run káàkiri ayé, àfi ọ̀kan ní Ghana, nítorí pé iná ti lọ níbẹ̀ kí àrùn tó dé! Òṣìṣẹ́ kan gbé e láti Ghana wá sí pápákọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà, ó fà á lé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ìyẹn sì gbé e lọ sí London.

Nítorí náà, a kò bá ọ̀gá kankan du kọ́kọ́rọ́. Ohun tí a ń bá wọn fà ni pé kí òṣìṣẹ́ má máa dúró oṣù méjì de ètò tí iṣẹ́ rẹ̀ nílò. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: orúkọ ètò, iṣẹ́ tí yóò ṣe, ọjọ́ tí ẹ béèrè. Ẹ gba ètò lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é, kì í ṣe ayédèrú tí wọ́n ń dà láti fúláàṣì sí fúláàṣì. Ẹ fi ẹ̀dà ìwé náà pamọ́.

Ìgbìmọ̀ ti kọ lẹ́tà pé kí wọ́n máa dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ láàárín ọjọ́ 7, kí wọ́n sì yọ ìwé ìkìlọ̀ arákùnrin wa kúrò nínú fáìlì. Alága yóò gbé e lọ ní ọjọ́ Ajé. Ó wà lórí tábìlì Akọ̀wé fún ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ sí i.