Apànìyàn Tí Gbogbo Wa Ti Mọ̀

Bí ẹ bá ń gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á. Fíìmù tọ̀sẹ̀ yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, I Know What You Did Last Summer, ti ọdún 1997 o, kì í ṣe èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2025. Mo ti gbọ́ gbogbo ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́. Ohun kan náà lẹ ń sọ: ẹ ti mọ apànìyàn náà tipẹ́.

Òótọ́ ni. Ta ni kò ní mọ̀ ọ́n? Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin ń bọ̀ láti etíkun lálẹ́ ọjọ́ òmìnira Amẹ́ríkà, wọ́n fi mọ́tò gbá ọkùnrin kan, wọ́n bá gbé e lọ jù sómi kí ọlọ́pàá má baà gbọ́. Ọkùnrin yìí di adé tí Helen gbà níbi ìdíje ẹwà mú. Barry bẹ́ sómi lọ gbà á, ojú ẹni tí wọ́n pè ní òkú là gbàgà! Ẹni tó lajú lábẹ́ omi, ṣé ìyẹn kú? Lẹ́yìn ọdún kan, lẹ́tà dé. Ẹnì kan tó wọ aṣọ òjò apẹja, tó mú ìwọ̀ irin ńlá lọ́wọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n. Wọ́n ní ká fura sí Ray, wọ́n ní ká fura sí ẹlòmíì. Ẹ fi wá sílẹ̀ jàre. Àwa tí a dàgbà nídìí fíìmù kásẹ́ẹ̀tì, a mọ bọ́ọ̀sì tá a bá rí i.

Ṣùgbọ́n ṣé ẹ fetí sí ìdí tó fi ń pààyàn? Ben Willis lorúkọ rẹ̀. Susie ọmọ rẹ̀ kú nínú ìjàǹbá mọ́tò, David tó wa mọ́tò náà kò kú. Bàbá yìí pa David, kété lẹ́yìn ìyẹn làwọn ọmọ yìí gbá òun náà. Bàbá tó ń ṣọ̀fọ̀ ọmọ ni o! Wọ́n kàn sáré sọ ọ́ kọjá ni, wọ́n tún gbé ìwọ̀ fún un.

Ibẹ̀ ló dùn mí, torí ẹni tó ni ìtàn yẹn gan-an. Ìwé Lois Duncan ni, ó jáde ní 1973. Nínú ìwé, ọmọdékùnrin kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ ni wọ́n gbá pa. Kò sí apẹja, kò sí ìwọ̀, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò sì kú. Àṣírí tí wọ́n gbé sínú ló ń jẹ wọ́n. Kevin Williamson, tó kọ Scream, ló sọ ọ́ di ìpakúpa.

Ní July 1989, ìyẹn ọdún mẹ́jọ kí fíìmù yìí tó jáde, wọ́n yìnbọn pa Kaitlyn, àbíkẹ́yìn ìyá yìí, ọmọ ọdún 18, níbi tó ti ń wa mọ́tò lọ sílé ní Albuquerque. Ẹ wá wò ó: wọ́n mú ìwé rẹ̀, wọ́n fi ikú ọ̀dọ́ kún un, àwọn èèyàn ń pariwo, wọ́n ń rẹ́rìn-ín ní sinimá. Inú bí i, ó sì sọ ọ́ síta. Ẹ̀yin tí ẹ bímọ lórí ìkànnì yìí, ẹ ó mọ̀ ọ́n.

Àwọn ọlọ́pàá ní ìbọn aláìnídìí ló bá ọmọ náà. Ìyá kò gbà. Ó kọ ìwé kan ní 1992, Who Killed My Daughter?, ó ń wádìí, ó ń bèèrè, títí ó fi kú ní 2016. Kò mọ ẹni tó pa ọmọ rẹ̀.

Ọdún 2022 ni wọ́n tó fẹ̀sùn kan ọkùnrin kan, lẹ́yìn tó ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Ẹ sì gbọ́ èyí o: lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n yìnbọn yẹn, ọlọ́pàá bá ọkùnrin náà níbi ìṣẹ̀lẹ̀ gan-an. Ó dúró síbẹ̀. Wọn ò fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò.

Ó tán o. Iná ti fẹ́ kú lórí fóònù mi, ẹ máa sọ tiyín.