Tí Wọ́n Bá Gbà á Wọlé, Kò Tíì Parí O

Ẹ̀yin èèyàn wa nílẹ̀ Amẹ́ríkà níbí! Ọ̀rọ̀ tí a máa ń bò mọ́lẹ̀ nínú ilé la fẹ́ sọ lónìí: ọmọ wa, àbúrò wa, tí oògùn olóró ti di bárakú fún.

Bí ó bá ti wọ rehab báyìí, ẹbí á mí kanlẹ̀, wọ́n á ní, "Ó ti parí." Kò tíì parí o! Kí oògùn jáde lára, ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ gidi ni kí ó jókòó ti agbaninímọ̀ràn, kí ó sọ̀rọ̀ láàárín àwọn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀, kí ó mọ ohun tó ń tì í sídìí oògùn. Ẹnikẹ́ni ò lè bá a ṣe ìyẹn. Ọmọ tí a gbé pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn.

NIDA, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí lórí oògùn olóró, sọ pé ìtọ́jú tí kò bá tó 90 ọjọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Kí ló wá ń mú èèyàn dúró pẹ́? Èébú kọ́. Lọ́dún 1983, William Miller kọ̀wé nípa ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní motivational interviewing: olùtọ́jú kì í bá aláìsàn jiyàn; ó ń bi í léèrè títí òun fúnra rẹ̀ á fi sọ ìdí tó fi fẹ́ yí padà.

Àwa náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá pè é, ẹ má sọ pé, "O dójú tì wá." Ẹ bi í pé, "Kí ló ṣòro níbẹ̀? Báwo la ṣe lè ràn ẹ́ lọ́wọ́?" Tí wọ́n bá pe ẹbí síbẹ̀, ẹ lọ. Tó bá jẹ́ àgbàlagbà, òfin kì í sábà jẹ́ kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ pàápàá, àfi tó bá fọwọ́ sí ìwé. Ẹ má bá wọn jà; òun ni kí ẹ bẹ̀.

Tó bá ní òun fẹ́ jáde, ẹ fi sùúrù gbọ́ tẹnu rẹ̀, kí ẹ rọ̀ ọ́ kó bá olùtọ́jú sọ̀rọ̀ ná. Ara rẹ̀ kò gba oògùn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìwọ̀n heroin tàbí fentanyl tó ń lò tẹ́lẹ̀ lè pa á lọ́jọ́ tó bá padà sídìí rẹ̀. Ẹ ra Narcan sílé. Láti 2023 ni wọ́n ti ń tà á láìsí ìwé dókítà.

Tirẹ̀ ni kó rìn ín, tiwa ni ká má fi í sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó dìgbà o.