"Inappropriate" Kì Í Ṣe Magí

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ fi irun bo earpiece mọ́lẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, mo rí yín o.

Ọ̀rọ̀ Òyìnbó kan ló gbé mi wá lónìí: inappropriate. Ọ̀rọ̀ yìí ti dà bíi magí, kò sí ọbẹ̀ tí a kì í sọ ọ́ sí. Ẹnì kan wọ ṣòkòtò péńpé lọ sí ọ́fíìsì, wọ́n ní inappropriate ni. Ẹnì kan dápàárá níbi ìsìnkú, inappropriate. Ọ̀gá kan fọwọ́ pa ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lára láìgbàyè, inappropriate náà ni wọ́n kọ sínú ìwé. Ṣé ọ̀ràn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba ni?

Kì í ṣe pé èdè Òyìnbó ò ní ọ̀rọ̀ míì. Ó ní wọn rẹpẹtẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìbéèrè tó ń dáhùn.

Fún kí ni? Unsuitable nìyẹn. Bàtà gogoro kì í ṣe bàtà burúkú, ṣùgbọ́n ẹ má wọ̀ ọ́ gun Òkè Olúmọ. Nǹkan ọ̀hún dára, iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi ṣe ni kò bá a mu. Nítorí náà, tí wọ́n bá kọ̀wé sí yín pé ẹ jẹ́ unsuitable fún iṣẹ́ kan, wọn ò tíì sọ pé ẹ ò mọ nǹkan kan.

Níbo? Out of place. Iyanrìn wúlò fún ẹni tó ń kọ́lé. Tó bá wọnú gàrí, ọ̀rọ̀ di méjì.

Nígbà wo? Anachronism. Inú èdè Gíríìkì ló ti wá, níbi tí khronos ti túmọ̀ sí àkókò. Nínú eré Julius Caesar tí Shakespeare kọ, aago kan lù nílùú Róòmù, bẹ́ẹ̀ sì rèé, irú aago bẹ́ẹ̀ ò tíì dáyé nígbà náà. Tí ẹ bá rí jagunjagun tó wọ aago ọwọ́ nínú fíìmù ayé àtijọ́, ẹ ti mọ orúkọ rẹ̀.

Lọ́wọ́ ta ni? Unbecoming. Ipò ẹni ni ọ̀rọ̀ yìí ń wò. Nínú òfin ológun Amẹ́ríkà, ìwà tó bá jẹ́ unbecoming lè gbé ọ̀gá sójà dé kóòtù. Yorùbá á ní kò yẹ ọmọlúàbí.

Ẹ ṣọ́ra fún méjì kan tó jọra: inapt àti inept. Inú ọ̀rọ̀ Látìn kan náà ni wọ́n ti wá, aptus, ìyẹn ohun tó ṣe wẹ́kú. Inapt ni ọ̀rọ̀ tí kò bá ibi tí wọ́n ti sọ ọ́ mu. Inept ni ẹni tí kò mọ iṣẹ́ ṣe. Lẹ́tà kan péré ló yà wọ́n. Ẹ fi èkejì ránṣẹ́ sí ọ̀gá yín nínú email, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ẹ máa rówó oṣù gbà.

Ó ku inappropriate fúnra rẹ̀. Nínú gbogbo ìbéèrè wọ̀nyẹn, kò pọn dandan kó dáhùn ìkankan. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó fẹ́ bo nǹkan mọ́lẹ̀ fi fẹ́ràn rẹ̀. Tí ẹ bá kọ ọ́ pé ọ̀gá hu ìwà inappropriate, ẹni tó ń kà á lè rò pé àwàdà tí kò dùn ló ṣe. Ọ̀ràn á sì kú síbẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ kọ: ọjọ́ wo, aago mélòó, ibo ni ọwọ́ rẹ̀ dé, ta ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, harassment wà, assault wà. Ẹ pè é lórúkọ tó ń jẹ́.

Tó bá sì jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n kọ ọ́ sí, pé irun tàbí aṣọ yín jẹ́ inappropriate, ẹ fi ọ̀wọ̀ bi wọ́n: fún kí ni? Níbo? Òfin ilé iṣẹ́ wo ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹni tó ní ìdáhùn á dáhùn.

Àwọn àgbà ní ohun tó bá jọ ohun la fi ń wé ohun. Èèpo ẹ̀pà ló jọ pósí ẹ̀lírí. Ẹ má fi èèpo ẹ̀pà sin erin o.

Ó dìgbà kan ná.