Mọ́tò Àtijọ́ Nínú Fíìmù Wa: Ọwọ́ Wo Ni Sítíárín Wà?



Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí fíìmù ayé àtijọ́. N kò ní sọ̀rọ̀ aṣọ, n kò sì ní sọ̀rọ̀ irun dídì. Àwọn tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ pọ̀. Mọ́tò ni mo bá wá. Bí fíìmù bá ní ọdún 1960 lòun ń sọ, mọ́tò tó bá gba iwájú kámẹ́rà kọjá lè jẹ́rìí gbè é, ó sì lè tú u láṣìírí.

Sítíárín ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, kí n tó béèrè orúkọ mọ́tò. Títí di ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, ọwọ́ òsì la ń gbà wakọ̀ ní Nàìjíríà, bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe kọ́ wa, sítíárín sì ń wà lápá ọ̀tún. Ọjọ́ náà la bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún. Ghana tẹ̀ lé wa ní 1974. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé àwa ará Ọ̀tà, torí ọ̀dọ̀ wa ni ọ̀nà Ìdí-Ìrókò gbà lọ sí bodè. Faransé ló ṣàkóso Dahomey, tí a ń pè ní Benin báyìí, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n sì ti ń wakọ̀ tipẹ́. Kó tó di 1972, dẹ́rẹ́bà tó bá ti Àjàṣẹ́ ní Dahomey ń bọ̀ gbọ́dọ̀ yí ọwọ́ padà ní bodè kó tó lè dé Ọ̀tà láyọ̀. N kò tíì rí fíìmù tó fi èyí ṣeré, ó sì ń dùn mí.

Ẹ wo fíìmù October 1 tí Kunle Afolayan gbé jáde ní 2014. Ìtàn ọlọ́pàá Dan Waziri ni, tí olóògbé Sadiq Daba ṣe, bó ṣe ń wá apànìyàn nígbà tí òmìnira ọdún 1960 kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ya irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan Peugeot 504, nítorí 1968 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e jáde ní Faransé. Peugeot 404 gan-an, ọdún 1960 yẹn ló dáyé. Olówó ńlá ló lè gùn ún lọ síbi ayẹyẹ òmìnira. Morris Minor, Austin, àti bọ̀lẹ́kájà Bedford tí káfíńtà kan pákó sí lẹ́yìn ló bá ìgbà náà mu.

Volkswagen Ìjàpá ló ń tan èèyàn jù. Gbogbo rẹ̀ jọra lójú ẹni tí kò fara balẹ̀, àmọ́ ara rẹ̀ ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Títí di 1953, gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ pín sí méjì. Lẹ́yìn náà ó di ẹyọ kan tó rí bí ẹyin, kó tó wá fẹ̀ ní nǹkan bí 1957. Iná iwájú ńkọ́? Kó tó di bí 1967, gíláàsì iná náà dùbúlẹ̀ sẹ́yìn, ó bá mọ́dígáàdì lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá nàró. Iná ẹ̀yìn tó tóbi roboto tún kéré lọ́jọ́ orí jùyẹn lọ. Ilé-iṣẹ́ Volkswagen tó wà ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975, Ìjàpá ló sì kọ́kọ́ jáde níbẹ̀: iná rẹ̀ nàró, sítíárín rẹ̀ wà lósì. Onífíìmù tó bá kun irú rẹ̀ lọ́dà, tó fi í sínú ìtàn òmìnira, ti fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sáré ṣáájú ara rẹ̀.

Nọ́ńbà mọ́tò kò gba àríyànjiyàn. Oṣù Kejì ọdún 1976 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀. Ẹni tó bá ń ya ìjà owó orí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ní 1947, kó yọ nọ́ńbà Ògùn kúrò lára mọ́tò. Ẹni tó bá sì ń ya ikú olórí ìjọba, Murtala Muhammed, ní February 1976 kò ní àwáwí rárá: Mercedes dúdú tí wọ́n pa á sí wà ní mùsíọ́ọ̀mù Oníkan, pẹ̀lú ojú ọta ìbọn lára rẹ̀. Nínú ìtàn olórin Àyìnlá Ọmọwúrà, tí Túndé Kèlání fi ṣe fíìmù ní 2021, alùpùpù ló dá ìjà tó gbẹ̀mí olórin náà sílẹ̀ l'Ábẹ́òkúta ní 1980. Ẹ ò wá rí i pé alùpùpù ibẹ̀ kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́.

Níbo la ti lè kọ́ ojú mọ́tò àtijọ́? Nínú sinimá àwọn bàbá wa ni. Adéyẹmí Afọláyan, Ade Love, bàbá Kunle, ya Kadara ní 1980, ó sì ya Taxi Driver ní 1983. Kò wá mọ́tò àtijọ́ kankan kiri. Èyí tó ń ná títì nígbà náà ló gbé síwájú kámẹ́rà. Ohun tí bàbá ń rí lójoojúmọ́ ni ọmọ wá ń fi owó gọbọi wá báyìí.

Àwọn kan á ní, ta ló ń wo sítíárín, ṣebí ìtàn la fẹ́? Mo gbà fún wọn díẹ̀. Bí mọ́tò 1963 bá ṣèèṣì wọ fíìmù 1960, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Àmọ́ bí gbogbo ọkọ̀ bá ń lọ lọ́wọ́ ọ̀tún ní 1960, àgbàlagbà tó gbé ayé ìgbà náà kò ní gba ọ̀rọ̀ apànìyàn tí ẹ ń wá náà gbọ́ mọ́.

Èyí tó kàn wá jù ní Sango, l'Ọ̀tà níbí, nìyí: àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń yọ́ irin wà láàárín wa. Mọ́tò àtijọ́ ń wọ ibẹ̀, ọ̀pá irin ìkọ́lé ló ń jáde. N kò bá ẹ̀yin oní-kọ́ńdẹ́mù jà, oúnjẹ yín ni. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé Ìjàpá kan sórí ìwọ̀n, ẹ wo iná iwájú rẹ̀. Bó bá dùbúlẹ̀ sẹ́yìn, ẹ fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sáwọn onífíìmù kí ẹ tó dá owó lé e. Owó tí wọ́n máa san yóò ju owó kílò lọ fíìfíì.